Ilé Oko Àtijọ́: Ẹ Wá Ibi Tí Omi Ń Gbà Wọlé Kí Ẹ Tó Ra Simẹ́ǹtì

Lẹ́tà tó ń wọlé sí ojú ewé yìí láti Abuja àti ìhà Àríwá ti ń pọ̀ sí i láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé tí ilé àtijọ́ wà lórí ilẹ̀ oko tí wọ́n rà tàbí tí wọ́n jogún, tí wọ́n sì fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe. Owó simẹ́ǹtì àti owó iṣẹ́ bíríkìlà wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín ló kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ràn ilé náà bó ṣe wà, ẹ kò sì fẹ́ wó o. Inú mi dùn láti ka èyí. Mo mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, mo gé wọn kúrú, mo sì dáhùn wọn níbí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo ra ilẹ̀ oko kan lọ́nà Kwali. Ilé oníyàrá mẹ́rin kan wà lórí rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi simẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nínú àti lóde. Simẹ́ǹtì náà ń já bọ́ láti ìsàlẹ̀ títí dé ìwọ̀n orúnkún, ara ògiri sì máa ń tutù nígbà òjò. Bíríkìlà tó wá wò ó ní kí n fi simẹ́ǹtì tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ rẹ́ ẹ. Èmi àti àwọn ọmọkùnrin mi la fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ṣé kí a tẹ̀lé ìmọ̀ràn rẹ̀? — Bàbá Àgbẹ̀, Kwali.

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ kú oríire ilẹ̀, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra simẹ́ǹtì kankan. Bíríkìlà tó gbà yín nímọ̀ràn kò gbèrò ibi sí yín. Ilé bùlọ́ọ̀kù ló mọ̀, ohun tó sọ ì bá sì bójú mu bí ó bá jẹ́ pé bùlọ́ọ̀kù ni ilé yín. Ògiri amọ̀ yàtọ̀. Ó máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó sì máa ń tú u padà sínú afẹ́fẹ́ nígbà tí oòrùn bá ràn, kò sì ní í ṣe é ní nǹkan kan bí omi náà kò bá pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n bá fi simẹ́ǹtì bò ó, omi tó gba ìsàlẹ̀ wọlé kò ní ríbi jáde mọ́, yóò máa gun ògiri lọ sókè, amọ̀ tó wà lẹ́yìn simẹ́ǹtì yóò sì máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Yàtọ̀ sí èyí, simẹ́ǹtì le, amọ̀ rọ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú wọn gbóná tí òru sì mú wọn tutù, wọn kì í fẹ̀ bákan náà, wọn kì í sì í sún kì bákan náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń já ara wọn sílẹ̀. Omi yẹn tún máa ń gbé iyọ̀ inú ilẹ̀ dání. Ohun funfun tó máa ń hù sára ògiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń bọ́ lulẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, iyọ̀ náà ni.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi rẹ́ ilé. Nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀, ẹ wọ aṣọ òjò, kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ rìn yí ilé náà ká. Ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ń dà sí, ẹ wo bó ṣe ń ta ẹrẹ̀ sí ìdí ògiri, ẹ wo ibi tí omi ń dá rogún sí lẹ́yìn tí òjò bá ti dá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé oko, ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, nítorí pé ọdọọdún ni wọ́n ń gbá pàǹtí sí ìdí ògiri, tí wọ́n ń kọ ebè sún mọ́ ilé, tí àgbàrá náà sì ń gbé erùpẹ̀ tirẹ̀ wá. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kó erùpẹ̀ náà kúrò títí ilẹ̀ ìta yóò fi relẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, kí ẹ sì jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́ kúrò lára ògiri, sẹ̀ǹtímítà 5 nínú mítà kan. Bí ẹ bá ti ń kan ìpìlẹ̀ kí ilẹ̀ tó relẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má tú ìdí rẹ̀ síta. Níbi tí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ń dà sí gan-an, ẹ gbẹ́ kòtò tóóró kan, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi kankéré yí ìdí ilé amọ̀ ká nítorí pé ó dára lójú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é, nítorí pé omi tó wà lábẹ́ kankéré náà yóò tún wá ọ̀nà gba inú ògiri ni. Bí etí òrùlé bá kúrú, ẹ fi igi àti páànù mú un gùn títí yóò fi kọjá ògiri ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60. Iṣẹ́ ṣọ́bìrì ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, òun ni yóò sì gba ilé náà là ju ohunkóhun tí ẹ bá fi ra ògiri lọ.

Nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró pátápátá, ní nǹkan bí ìparí oṣù Ọ̀wàrà, kí ẹ wá kọjú sí simẹ́ǹtì náà. Ẹ fi oríkèé ìka kan ògiri láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tó bá dún kì, simẹ́ǹtì ṣì di amọ̀ mú níbẹ̀. Ibi tó bá dún bí ìgbà tí a lu agbè òfìfo, ó ti ṣí kúrò. Ẹ fi ẹfun fa ìlà yí ibi tó dún bí agbè ká, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù kékeré yọ ọ́, kí ẹ máa dá irin náà dùbúlẹ̀ kó má baà wọnú amọ̀. Ibi tó bá di amọ̀ mú gírígírí, ẹ fi í sílẹ̀ ná, nítorí pé bí ẹ bá fipá ya á, amọ̀ tó dára ni yóò bá a lọ. Ògiri kan ni kí ẹ parí kí ẹ tó kan òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọyẹ́ lè bá yín gbẹ ẹ́. Sùúrù yìí ni ó máa ń nira jù fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn tún ilé ṣe, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí a bá rẹ́ sára ògiri tútù kò ní pẹ́ bọ́.

Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ ohun tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Ẹ kò sì ní wá a jìnnà, nítorí pé agbègbè Kwali ni Ladi Kwali, obìnrin amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà, ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ tó dára fún ìkòkò ti lẹ̀ jù fún ògiri. Bó bá dá wà, yóò sán nígbà tó bá ń gbẹ. Ẹ hú ilẹ̀ kọjá erùpẹ̀ dúdú tí gbòǹgbò wà nínú rẹ̀, kí ẹ bu èyí tó wà nísàlẹ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò funfun kan kó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà, ẹ fi omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn yóò kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, erùpẹ̀ kíkúnná yóò tẹ̀ lé e, amọ̀ yóò sì wà lókè pátápátá. Bí amọ̀ náà bá fi ojú hàn pé ó pọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó rọ̀ sílẹ̀, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ nílò yanrìn sí i. Ẹ po oríṣi mẹ́ta tí yanrìn wọn kò dọ́gba, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ́ ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì lára ògiri, kí ẹ sì wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí kò bá sán, tí kò sì máa bọ́ bí ẹ bá fi ọwọ́ rá a, òun ni kí ẹ lò.

Ẹ gé koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò ìrẹsì wẹ́wẹ́ kó gùn tó ìka, ẹ pò ó mọ́ ẹrẹ̀ náà, kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ gún un, kí ẹ sì fi ọ̀rá bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó lè kan díẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò ní dára, ṣùgbọ́n yóò lẹ̀ mọ́ra ju èyí tí a pò lónìí tí a sì lò lónìí. Ẹ wọ́n omi sára ògiri kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ti àkọ́kọ́ lè nípọn tó ìka, kí ẹ fi ìgbálẹ̀ ha á kí èkejì lè rí ibi dì mú, kí èkejì sì fẹ́lẹ́. Ọyẹ́ yóò fẹ́ gbẹ ẹ́ kíákíá jù, nítorí náà ìdájí ni kí ẹ ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi àpò tí ẹ ti rẹ sínú omi kọ́ síwájú ògiri nígbà tí oòrùn bá mú. Ìsàlẹ̀ ògiri náà yóò ṣì máa fẹ́ àtúnṣe díẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún tàbí lọ́dún méjì-méjì. Ẹ má kà á sí àbùkù. Ẹrẹ̀ tí ẹ rẹ́ ni yóò máa jẹ ìyà òjò dípò ògiri fúnra rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, Zaria ni wọ́n bí mi sí, mo sì ń sọ Haúsá bí mo ṣe ń sọ Yorùbá. Bàbá mi fi ilé oko kan sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn Samaru, ilé tubali tí òrùlé amọ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Igun kan ń jò. Àwọn àbúrò mi ní kí a wó òrùlé náà kí a kan páànù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé a ó kábàámọ̀ rẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i? — Ìyá Ìbejì, Zaria.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ó yẹ kí ẹ̀rù bà yín. Fún àwọn òǹkàwé wa tí kò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, tubali ni amọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ mọ tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí wọ́n sá sóòrùn títí ó fi gbẹ, kí wọ́n tó tò ó sínú ẹrẹ̀ láti mọ ògiri. Azara, igi tí wọ́n là láti ara ọ̀pẹ giginya, ni wọ́n tò sábẹ́ òrùlé, ikán kì í sì í tètè rí i jẹ. Azara kò gùn ju nǹkan bí mítà méjì lọ, ìdí nìyẹn tí yàrá ilé àtijọ́ fi máa ń há. Bí wọ́n bá fẹ́ kí yàrá fẹ̀, àwọn mọlémọlé ní láti so azara pọ̀ kó tẹ̀ bí ọrun. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní Babban Gwani ṣe sí Mọ́ṣáláṣí Jímọ́ọ̀ Zaria ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ohun tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún yín kì í ṣe ahéré tí a lè wó ní ìdajì ọjọ́.

Ẹ tún rántí ooru oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe ní Zaria. Amọ̀ tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó gbóná dé inú, tí ilẹ̀ fi máa ṣú kí ooru ọ̀sán tó rí ọ̀nà dé inú yàrá. Páànù kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá wó òrùlé amọ̀ láti fi páànù rọ́pò rẹ̀ ní láti kan àjà, kí wọ́n ra fáànù, kí wọ́n sì wá iná tí yóò máa gbé fáànù náà. Ó yẹ kí àwọn àbúrò yín ro owó èyí mọ́ owó páànù kí wọ́n tó sọ pé páànù ló rọrùn.

Ní ti igun tó ń jò, ẹ má wo ibi tí omi ń kán sí nìkan. Ẹ gun àkàbà, kí ẹ fi pákó pẹlẹbẹ tẹ́ ibi tí ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ̀, ẹ má sì gun òrùlé náà rárá nígbà tó bá tutù. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ojú ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ tó ń da omi òrùlé sílẹ̀. Ewé, ìtẹ́ ẹyẹ àti ẹrẹ̀ tó ṣí láti òkè máa ń dí wọn, omi á wá dúró sórí òrùlé títí yóò fi rí ibi rọ̀ sí. Nígbà mìíràn, ojú ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ náà kúrú jù, omi á sì máa ṣàn gba ara ògiri sọ̀kalẹ̀. Kí ẹ la àwọn tó dí, kí ẹ sì fi páìpù mú èyí tó kúrú gùn kó lè da omi jìnnà sí ògiri: iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ gbogbo ohun tí òrùlé náà ń béèrè.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rẹ́ òkè rẹ̀ lọ́tun. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Zaria dàgbà yóò ti gbọ́ nípa makuba. Èèpo èso igi igbá ni, igi kan náà tí a ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú. Wọ́n máa ń rẹ èèpo náà sínú omi tàbí kí wọ́n sè é títí omi náà yóò fi pọ́n dúdú, kí wọ́n tó fi po ẹrẹ̀ ìrẹ́lé. Ohun tó korò nínú èèpo náà máa ń mú amọ̀ dì mọ́ra, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè fọ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ọ̀dà olómi tí wọ́n ń tà pé ó ń dí omi lọ, nítorí pé ọ̀dà bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe òrùlé amọ̀ ní ohun tí simẹ́ǹtì ṣe fún ògiri Bàbá Àgbẹ̀ lókè yìí.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dá ṣe ni azara fúnra rẹ̀. Ẹ wọ inú yàrá, kí ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ orí azara kọ̀ọ̀kan níbi tó ti wọ ògiri, pàápàá ní igun tó ń jò. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wọ́ọ́rọ́, tàbí tí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ tóóró tí ikán mọ gba ara ògiri gòkè, ẹ fi òpó gbé òrùlé náà ró láti inú yàrá, kí ẹnikẹ́ni má sùn níbẹ̀ mọ́, kí ẹ sì wá àgbà mọlémọlé ará Zaria tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Wọ́n ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín bá a ṣiṣẹ́, kó fi ojú rí bí ó ṣe ń yọ ọ̀kan kó tó fi òmíràn sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, èmi àti ọkọ mi gba ilé oko àtijọ́ kan lẹ́bàá Keffi. Àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n ń kó sí yàrá méjì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbẹ́ èkúté sì kún ilẹ̀. Àjà rẹ̀ jẹ́ pátákó eléérú líle tí a gbọ́ pé asbestos ni. A fẹ́ gbá gbogbo rẹ̀ mọ́, kí a sì fọ́ àjà náà lulẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Kí ni kí a rà? — Ìyàwó Tuntun, Keffi.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ fi ìgbálẹ̀ àti òòlù sílẹ̀ ná. Nínú gbogbo lẹ́tà oṣù yìí, tiyín ló kó mi láyà sókè jù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbẹ́ èkúté. Ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀ ní ọdún 1969, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú èkúté kan tó fẹ́ràn ilé àti oúnjẹ tí a kó pamọ́ ni kòkòrò àrùn náà sì máa ń wà. Bí ẹ bá gbá a ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ni ẹ óò máa fà símú. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì jáde síta ní àkókò náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bàtà òjò àti ìbòmú. Ẹ bu ife hypo kan sí ife omi mẹ́sàn-án, ẹ rọra wọ́n ọn sórí ìgbẹ́ náà títí yóò fi rin gbingbin, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Àkísà ni kí ẹ fi kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó, kí ẹ sì tún fi omi hypo náà nu ilẹ̀. Bí ibà bá mú ọ̀kan nínú yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ má lọ ra oògùn ibà lásán. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ tún ilé tí èkúté wà ṣe.

Ní ti àjà náà, bí kò bá tíì fọ́, ọ̀nà tó dára jù ni pé kí ẹ má fọ́ ọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé gbogbo oríṣi asbestos ló lè fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Okùn tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ló máa ń bú jáde nígbà tí a bá fọ́ ọ, tí a rẹ́ ẹ tàbí tí a lu ú, ó lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àìsàn tó fara hàn, ìbòmú aṣọ kò sì lè dá a dúró. Nítorí náà, ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn, ẹ má lu ihò fáànù sí i, ẹ má fi sáńpépà ha á. Ẹ lè kun ún ní ọ̀dà, kí ẹ sì máa gbé abẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà. Bí ó bá ti fọ́ tàbí tó ń ya wẹ́wẹ́, ẹ wá àwọn tó mọ̀ ọ́n yọ, tí yóò rin ín, tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi, tí wọn yóò sì fi ọ̀rá dì í. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní àfọ́kù rẹ̀ láti fi ṣe ilé adìyẹ. Àwọn èkúté tó wà lókè àjà, ẹ dí ọ̀nà wọn láti ìta pẹ̀lú wáyà onítòǹtò àti simẹ́ǹtì, kí ẹ sì má kó oúnjẹ sínú ilé náà mọ́ bí kò bá sí nínú dúrọ́ọ̀mù onídèérí.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ilẹ̀kùn ìrókò márùn-ún wà nínú ilé oko wa ní ẹ̀yìn Suleja, wọ́n ti fi ọ̀dà lé ọ̀dà lórí wọn. Mo fẹ́ ha ọ̀dà náà kúrò kí ara igi lè hàn. Méjì nínú wọn kò sì ṣeé tì nínú òjò. Ṣé kí n fá etí wọn? — Ìyá Ọlọ́jà, Suleja.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má fá wọn nínú òjò. Igi máa ń wú nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Ilẹ̀kùn tí ẹ bá fá ní oṣù Ògún yóò fi àlàfo tí alángbá lè gbà kọjá sílẹ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ. Ẹ kọ́kọ́ dè é níbi tí àgbékọ́ rẹ̀ ti tú, nítorí pé ìṣó tó ti gbó ló sábà máa ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn rọ̀ wálẹ̀.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Àwọn òǹkàwé wa yóò rántí pé ní ọdún 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Ti ọ̀dà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n òjé tó dára fún ara ọmọdé. Nítorí náà, ẹ má fi iná jó ọ̀dà náà, ẹ má sì ha á ní gbígbẹ. Ẹ yọ àwọn ilẹ̀kùn náà, ẹ gbé wọn síta jìnnà sí kànga àti ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ wọn, kí ẹ máa rin sáńpépà sínú omi bí ẹ ti ń ha. Ẹ dá aṣọ tí ẹ fi ṣiṣẹ́ náà fọ̀. Bí igi náà bá ti mọ́, tó sì ti gbẹ, epo linseed ni kí ẹ fi àkísà rá sí i lára, kí ẹ nu èyí tí igi kò bá fà mu kúrò. Àkísà yẹn gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ẹ bá ká a jọ sí igun kan, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ sá a síta lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbẹ gan-gan, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dà á nù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé oko wa wà ní Bwari. Kànga àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ wọ̀ láti kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi sì ní òun lè fa wáyà iná sí gbogbo yàrá. A tún fẹ́ fi yàrá kan kún un. Èwo la lè ṣe fúnra wa? — Bàbá Tọ́pẹ́, Bwari.

ÌDÁHÙN: Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ kànga náà. Afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ kànga tí a ti fi sílẹ̀ lè má ṣeé mí, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè dákú kó tó ké, ẹni tó bá sì sáré wọlé láti yọ ọ́ náà yóò dákú lé e lórí. Àwọn tó ń fi kànga gbígbẹ́ ṣe iṣẹ́ ni kí ẹ pè, kí wọ́n má sì gbé ẹ̀rọ tó ń jẹ bẹntiróò sínú rẹ̀ tàbí sí ẹnu rẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin lè ṣe wà lókè: ẹ mọ etí rẹ̀ ga kọjá orúnkún, ẹ fi kankéré tó dà gẹ̀rẹ́ yí i ká, ẹ ṣe ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì rí i pé ṣáláńgá jìnnà sí i tó mítà 30. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi náà wò kí ẹ tó mu ún.

Ní ti yàrá tí ẹ fẹ́ fi kún un, Bwari wà lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó wà ní agbègbè olú-ìlú, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀ka tó ń ṣàkóso ilé kíkọ́ níbẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àtúnṣe ohun tó ti wà nílẹ̀ yàtọ̀ sí ilé tuntun.

Iná náà wá kù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín lè kan páìpù wáyà mọ́ ojú ògiri, kó sì fa wáyà gba inú rẹ̀, 1.5mm fún gílóòbù, 2.5mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì; bí ògiri náà bá jẹ́ amọ̀, kó má gbẹ́ ọ̀nà sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kò ní wáyà kẹta tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fò ó. Ṣùgbọ́n síso wáyà pọ̀ nínú bọ́ọ̀kìsì àti síso ilé mọ́ iná ìta, iṣẹ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ ni. Bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀ títí di ìgbà náà, ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sábẹ́ fèrèsé, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Èéfín tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ kọ́ àtíbàbà kékeré fún un lódìkejì àgbàlá, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí oko.